Bàbá Fọláránmi àti Igun Mẹ́rẹ̀rin Ayé

Kò sí ẹni tó gbàgbé ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Fọláránmi da omi lé ayé lórí nínú ìjọ wọn ní Tanke, nílùú Ìlọrin. Ìyábọ̀dé, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ni ní Jọ́gíráfì ní Ṣàngó, ló gbé gílóòbù ilé ìwé wá sí kíláàsì Bíbélì lọ́dún 1989, kó lè fi han àwọn àgbà pé róbótó layé rí. Bàbá dìde, ó da ife omi kan lé e lórí. Omi ṣàn sílẹ̀.

"Òkun dà?" ni Bàbá bi í.

Kí Ìyábọ̀dé tó dáhùn, bébà ara gílóòbù ti rin gbingbin, Áfíríkà ti ṣí, ó lẹ̀ mọ́ ìka Bàbá. Ó nà án sókè. "Ẹ wò ó! Áfíríkà pàápàá ò fara mọ́ ọn."

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni Bàbá, tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Bíbélì ní áńgẹ́lì mẹ́rin dúró ní igun mẹ́rẹ̀rin ayé, torí náà pẹrẹsẹ layé, ọ̀rọ̀ sì ti bùṣe lójú tirẹ̀.

"Bàbá," Ìyábọ̀dé sọ nídìí oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, "Jésù ní òun ni ilẹ̀kùn. Ṣé pákó ni?"

"Àfiwé nìyẹn."

"Igun mẹ́rin náà ńkọ́?"

Bàbá rọra gbé òkèlè mì. "Mo mọ Jésù, mo mọ ilẹ̀kùn, mo mọ̀ pé wọn ò jọra. Ìwọ, o ti rìn dé ìpẹ̀kun ayé rí?" Ìyábọ̀dé, tí kò tíì kọjá Ìbàdàn rí, yáa bu ọbẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ kúrò ní àwàdà lọ́jọ́ tí Olúdáre wá tọrọ Ìyábọ̀dé.

"Báwo layé ṣe rí?" ni Bàbá bi í.

Olúdáre fẹ́ tẹ́ Bàbá lọ́rùn. "Bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́ kó rí ni, sà."

Bàbá ní kó máa lọ sílé. Ìyábọ̀dé sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó ṣe, Olúdáre padà wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Róbótó ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"O ṣìnà pátápátá," ni Bàbá wí. "Àmọ́ ẹni tó lè ta kò mí lójú mi ò ní parọ́ fún ọmọ mi. Dìde."

Ní ọ̀sẹ̀ tí Bàbá máa kú, lọ́dún 1996, ó pe Ìyábọ̀dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Àwọn èèyàn tó o ní wọ́n wà ní òdìkejì ayé, lábẹ́ wa lọ́hùn-ún, kí ni wọ́n ń ṣe báyìí?"

Ìyábọ̀dé ò retí ẹ̀. "Wọ́n ń sùn, Bàbá. Òru ni lọ́dọ̀ wọn."

Bàbá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn àlejò ń tàkúrọ̀sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Sọ fún wọn kí wọ́n rọra," ó ní. "Àwọn èèyàn ń sùn."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Ìyábọ̀dé, kó tó nu omijé ojú rẹ̀. Kò bá a jiyàn. Ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀.