Ọwọ́ Òsì Ìyá Mi

Òórùn òrí tí a yọ́ lórí iná ló máa ń gba ilé wa ní Kábà láràárọ̀, ní ọdún tí mo fẹ́ lọ ilé ọkọ. Òyìnbó kò tí ì gbé ìjọba sílẹ̀ nígbà náà. Àrùn ẹ̀gbà ti mú apá ọ̀tún ìyá mi, ó sì mú ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká gan, apá sì ká mọ́ àyà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí àánú rẹ̀ pọ̀ ju sùúrù rẹ̀ lọ, a máa fi òrí gbígbóná pa á, a sì máa fà á kí ó lè nà. Ìyá mi a fi eyín di etí aṣọ rẹ̀ mú.

Ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni gbogbo wa ń lé. Nílé wa, ìyá ló ń gbé ọwọ́ lé ọmọbìnrin lórí kí ó tó jáde. Ọwọ́ ọ̀tún sì ni.

Ọjọ́ pé. Mo kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀, mo ní, "Ìyé, mo ń lọ o." Ó wò mí títí, omi lé ròrò sí i lójú. Ni ó bá gbé ọwọ́ òsì, èyí tó dá ṣáṣá. Mo rí i tó ń bọ̀, mo ti tẹrí gbà á. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yára gbá a mú.

"Rárá o, ìyàwó wa! A kì í fi òsì súre fún ọmọ."

Ó di apá ọ̀tún mú, ó gbé e sókè. Ìyá mi ké. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí bàbá mi kú. Ọwọ́ náà kò dé orí mi. Nígbà tí ó fi apá náà sílẹ̀, ohun tí ìyá mi rí sọ kò ju "Okun, okun" lọ, ìkíni ilẹ̀ wa, bí ẹni ń kí èrò ọ̀nà. Wọ́n ní ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n mú mi jáde.

Oyún àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ wá fi hàn án tí mo fi bá sàréè rẹ̀. Ó dùn mí, ọ̀rẹ́ mi, ó ṣì ń dùn mí. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé a kì í fa irú apá bẹ́ẹ̀, ìrọ̀rí la fi ń gbé e ró. Mi ò bínú sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ìfẹ́ ló fi ṣe é.

Nígbà tó kan ọmọ tèmi láti lọ ilé ọkọ, ọwọ́ mi méjèèjì dá ṣáṣá. Òsì ni mo gbé lé e lórí. Àwọn àgbà kùn. Mo ní kí wọ́n má bínú, ìyá mi ló ń súre.