Wáyà Tó Ń Dájọ́ ní Ẹ̀yìn Bomo

Títí di òní, orí koríko ni mo máa ń sá aṣọ sí. Bí ilẹ̀ bá rin, mo máa ń tẹ́ ẹ sórí àga nínú ilé kó gbẹ bó ṣe lè gbẹ. Ọmọ mi obìnrin ra okùn ọ̀rá fún mi, ó ní, "Màmá, kò sí irin kankan nínú èyí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ká okùn náà sínú àpótí. Kò bi mí léèrè mọ́. Ó mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, kò mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo bá rántí dáadáa nìkan ni màá kọ síbí. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn kan nínú wọn ṣì wà láàyè, ẹ̀rù wọn ò sì tíì kúrò lára mi.

Nígbà náà, àwọn sójà ń múra láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú. Ọkọ mi ń wa tírélà, ó ń kó òwú láti Zaria lọ sí Èkó, ó sì máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Kò fẹ́ kí èmi àti ọmọ ọwọ́ wa máa dá gbé, ló bá kó wa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ni gbogbo wa ń pè é. Ilé rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn Bomo, abúlé kan lẹ́bàá Zaria, níbi tí oko ọkà bàbà ti parí, tí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò sì bẹ̀rẹ̀. Òpó irin kan wà níbẹ̀ tó ga ju igi yòówù lọ. Láti orí òpó yẹn ni wọ́n ti ń ju ohùn sáfẹ́fẹ́ fún àwọn tó ní rédíò. Bọ̀ọ̀dá ń bá wọn rọ epo sínú jẹnẹrétọ̀, ó sì ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀rọ. Bàtà rọ́bà gígùn tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń wọ̀ ọ́ jẹun, ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń bọ́ ọ, nígbà tí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Tudun Wada.

Páànù ilé ìdáná wa máa ń sọ̀rọ̀. Mo mọ bí èyí ṣe máa rí létí ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí. Níbi tí páànù méjì ti gun ara wọn, tí ìṣó ti dípẹtà, ohùn tín-ín-rín kan máa ń jáde. Á máa ka ìròyìn ní èdè Haúsá, á tún máa kọrin. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò lè dá dáná níbẹ̀. Ìyáálé mi, ìyẹn ìyàwó àgbà Bọ̀ọ̀dá, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Ìyàwó, wọ́n ń kí ọ. Dá wọn lóhùn."

Nígbà tó yá, ó mọ́ mi lára. Ohùn yẹn ni mo fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ti tan ẹ̀rọ tàbí wọn ò tíì tàn án.

Bọ̀ọ̀dá ló ta wáyà náà. Iná ìjọba kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ta wáyà gígùn kan láti orí igi dongoyárò tó wà létí oko wá sí ara òpó balùwẹ̀, ó sì so gílóòbù gígùn funfun kan mọ́ ọn, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì. Gílóòbù náà tàn. Kò sí bátìrì, kò sí jẹnẹrétọ̀, wáyà náà kò sì dé ara òpó irin tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rí bàìbàì bí omidùn ògì. Àwọn ará Bomo wá wò ó. Wọ́n ń sọ pé, "Kai," wọn ò sì sún mọ́ ọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, ọmọ Ìlọrin tó háyà yàrá ní Bomo, wà lára wọn. Òun ló là á yé wa. Ó ní agbára tó ń gbé ohùn lọ ń tú jáde láti orí òpó sí ibi gbogbo, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń ṣòfò. Ó ní bí ènìyàn bá gbé bàsíà síta nígbà tí òjò ń rọ̀, á rí omi díẹ̀ gbà. Wáyà gígùn yẹn ni bàsíà, ohun tó ń tú láti orí òpó ni òjò. Ó wá yíjú sí Bọ̀ọ̀dá.

"Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìdí wáyà yẹn o, sà. Ó lè jó èèyàn."

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Olóòótọ́ kì í jóná."

Mo rò pé àwàdà ni.

Kò pẹ́ sí i, lébìrà kan tó ń bá wa ro oko ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́bàá balùwẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ìdí wáyà náà. Ó ta sókè, ó ṣubú, ó ní kí wọ́n má bínú, òun á dá àdá náà padà. A ò tíì mọ̀ pé àdá kankan sọnù. Láti ọjọ́ náà ni Bọ̀ọ̀dá ti di adájọ́. Ó ní àwọn ènìyàn ń fi Bíbélì búra, wọ́n ń fi Kùránì búra, wọ́n sì ń purọ́ lọ ní tiwọn, nítorí ìdájọ́ ibẹ̀ ń pẹ́ kó tó dé. Ti wáyà kì í pẹ́. Ó fa ìdí wáyà náà gùn kọjá gílóòbù, ó jẹ́ kó máa fì lókè ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí. Bí nǹkan ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá sọnù, wọ́n á mú ẹni tí wọ́n fura sí wá. Onítọ̀hún á bọ́ bàtà, á kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú àgbà, bó ṣe yẹ kí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ṣe, á sì na ọwọ́ sókè. Bọ̀ọ̀dá á kọ́kọ́ tẹ́tí sí páànù. Bí páànù bá ń sọ̀rọ̀, á ní, "Ó yá, fọwọ́ kàn án."

Mo rí ẹni tó jó, mo rí ẹni tí kò jó. Àwọn tí kò jó máa ń dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà òjò ni yẹtí wúrà Ìyáálé mi sọnù. Èmi ni mo gbá yàrá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyàwó kejì Bọ̀ọ̀dá náà wọlé lọ mú ìgò epo. Ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ Zaria ni wọ́n bí i sí, Haúsá sì dán lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Àmaryá, bí àwọn Haúsá ṣe ń pe ìyàwó tuntun.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bọ̀ọ̀dá pe àwa méjèèjì sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn aládùúgbò ti pé síbẹ̀. Àmaryá ló kọ́kọ́ jáde, tòun ti sílípáàsì rọ́bà lẹ́sẹ̀. Ó tẹ orí ba díẹ̀, ó dúró.

"Kúnlẹ̀," Ìyáálé mi ní.

"Ilẹ̀ yìí tutù, wallahi. Aṣọ mi á bàjẹ́."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni tún sọ̀rọ̀, ó ti na gbogbo ọwọ́ sí wáyà náà, ó gbá a mú bí ẹni di ẹsẹ̀ adìyẹ mú. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó fi í sílẹ̀, ó lọ.

Ó kàn mí. Ọ̀nà jíjìn ni mo ti bọ́ bàtà, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Mo fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí, orí ìka kan ṣoṣo ni mo nà, mo sì nà án díẹ̀díẹ̀. Kó tó kàn án ni iná kékeré kan ti fò bọ́ sára ìka mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún èèyàn títí dé egungun. Mo gbọ́ òórùn ẹran ara mi.

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò mú un, sà."

"Èmi kọ́ ni mo sọ pé o mú un," ó fèsì jẹ́jẹ́. "Wáyà ló sọ ọ́."

Ó wá ṣe ìdájọ́. Bí ọkọ mi bá ti dé, kí n padà sílé bàbá mi. Ọmọ á dúró, nítorí ọmọ ilé wọn ni, olè kò sì ní tọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyáálé mi gbé ọmọ náà lọ sí yàrá rẹ̀. Kò tíì já lẹ́nu ọmú. Bó bá sunkún tó fẹ́ dákú, wọ́n á gbé e wá kó mu, Ìyáálé mi á jókòó tì wá, á sì gbà á padà kó tó yó. "Má jẹ́ kó mọ́ ọn lára," ló máa ń sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn rí ọwọ́ mi nídìí kànga.

"Àǹtí, ṣé ẹ kúnlẹ̀ ni?"

"Báwo ni mi ò ṣe ní kúnlẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni."

Ó ní ohun tó jó mi nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá fi ara lélẹ̀ nínú omi ni agbára náà máa ń gba inú rẹ̀ kọjá wọlẹ̀, àti pé ẹni tó bá fi orí ìka kàn án ló máa ń jó jù. Ẹni tó wọ rọ́bà, tó gbá a mú dáadáa, lè má mọ nǹkan kan. Mo rántí bàtà rọ́bà Bọ̀ọ̀dá. Mo rántí pé kò bọ́ ọ rí nídìí wáyà. Mo pọn omi mi, mo lọ sílé, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ìka mi ló wò, kò wo ojú mi. Mo sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà wí fún un.

"Ṣé kí o dúró gbagidi níwájú ẹ̀gbọ́n mi ni?" ó bi mí. "Wò ó, èmi tí mi ò sí ní Zaria nígbà tí yẹtí sọnù, màá fọwọ́ kàn án. Kò ní jó mi. Ìwọ náà á wá jẹ́wọ́, màá sì bá ọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o máa rí ọmọ rẹ."

Ní ìrọ̀lẹ́, níwájú gbogbo ènìyàn, ó bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dìde sórí orúnkún, ó na ìka kan. Iná náà bù ú jẹ, ó ké bí ewúrẹ́.

Páànù nìkan ló ń kọrin. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọ̀nà Èkó ló wà nígbà tí yẹtí sọnù. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Mo tilẹ̀ na ọwọ́ sí ọmọ mi, tó wà lápá Ìyáálé mi.

Bọ̀ọ̀dá kò yára. "Ọwọ́ tọkọtaya, ọwọ́ kan ṣoṣo ni," ó ní. "Ohun tí aya bá jí, ọkọ ló ń bá a jẹ ẹ́."

Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mi orí. Ẹnì kan tilẹ̀ ní, "Òótọ́ ọ̀rọ̀." Ọkọ mi wà lórí orúnkún, ó ki ọwọ́ tó jó sáàárín itan. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló sọ.

Bọ̀ọ̀dá wá wo ọmọ náà. "Ọmọdé ò mọ ẹ̀tàn. Bí ìyá rẹ̀ bá mọ́, wáyà ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ gbé e wá."

Ìyáálé mi dúró díẹ̀. Mo rí i pé ó dúró. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú sókè.

Sílípáàsì wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo rìn lọ sídìí wáyà náà.

"Bọ́ bàtà," Bọ̀ọ̀dá ní. "Bọ́ bàtà, kí o kúnlẹ̀."

Mo fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá wáyà náà mú, mo sì fi gbogbo ara fà á. Ara òpó balùwẹ̀ ló ti kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà ló já. Bó ṣe ń yọ́ lọ lọ́wọ́ mi ló bù mí jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Gílóòbù ṣubú, ó fọ́, ẹ̀yìnkùlé ṣókùnkùn. Mo gbé ọmọ mi. Wọ́n yàgò fún mi, bóyá wọ́n rò pé ohun tó wà nínú wáyà ti bọ́ sínú mi. Bọ̀ọ̀dá náà yàgò, tòun ti bàtà rọ́bà rẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn Ìyáálé mi lẹ́yìn. Kò sọ pé mo já wáyà. "Kò kúnlẹ̀," ló ń sọ. "Gbogbo yín ló rí i, kò kúnlẹ̀."

Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tudun Wada fún wa ní igun kan nínú yàrá rẹ̀. Ọkọ mi wá lẹ́ẹ̀kan ní ìgbà ọyẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gba àwọn ìwé mọ́tò rẹ̀ tó wà nínú ẹrù mi. Ìka rẹ̀ ti jinná, ó tẹ̀. Ó ní Bọ̀ọ̀dá ti ta wáyà mìíràn.

"Àmaryá ńkọ́?" mo bi í.

"Wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀."

Nígbà tí ọmọ mi ti ń rìn dáadáa, tó ti ń kí àgbà, a pàdé Ìyáálé mi ní ọjà Sabon Gari. Yẹtí wúrà náà wà létí rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí mo ti máa ń bá a nù ún: ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀ níbi ìkọ́. Ó rí i pé mo rí i. Kò fi ọwọ́ bò ó.

"Ìyàwó, ṣé ọwọ́ ti jinná?"

"Ó ti jinná, mà."

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ọjà kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe. Ọmọ mi náà fẹ́ kúnlẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo di apá rẹ̀ mú sókè. Ìyáálé mi dúró, ó ń retí. Èmi wà nílẹ̀, ọmọ mi wà ní ìdúró, mi ò sì fi apá rẹ̀ sílẹ̀ títí obìnrin náà fi kọjá lọ.