Ẹni Tí Kò Bá Gbé Òkú Gílóòbù Wá

Nígbà tí ìròyìn kàn pé Bàbá Gílóòbù ti kú, ohun tí gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ rántí ni ọjọ́ tó lé ọ̀gá ilé-ìwé jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ pẹ̀lú irun ààbọ̀ lórí. Kì í ṣe pé wọn kò láàánú. Àwọn mìíràn ti ń sunkún ní tiwọn, àfi bí wọ́n ṣe rántí orí ọ̀gá ilé-ìwé tí ẹkún di ẹ̀rín mọ́ wọn lẹ́nu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Onígbàjámọ̀ ti fá apá òsì orí ọ̀gá ilé-ìwé tán, ó fẹ́ bọ́ sí apá ọ̀tún, ni gílóòbù ẹ́nájì tó wà lókè dígí bá kú. Ó gun àga láti yọ ọ́, gílóòbù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ yángá sílẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ibi tí Bàbá Gílóòbù ti ń ta gílóòbù. Kí onígbàjámọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, bàbá ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jáde," ó ní. "Gbogbo yín. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ má sì gbálẹ̀."

"Bàbá, ẹ wo orí mi," ọ̀gá ilé-ìwé wí. "Irun mi ńkọ́?"

"Irun máa ń hù, ọ̀gá. Ẹ̀dọ̀fóró kì í hù."

Wọ́n jáde. Bàbá ṣí fèrèsé, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó ní kí atẹ́gùn wọlé kó lé afẹ́fẹ́ burúkú jáde. Lẹ́yìn náà ló wá fi páálí líle kó èéfọ́, ó fi tépù lẹ ìyẹ̀fun funfun tó kù nílẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò oníderí. Kò kánjú rárá. Àsìkò yẹn gan-an ni ilé-ìwé jáde. Àwọn ọmọ ń kọjá, wọ́n ń kí ọ̀gá wọn, ọ̀gá náà ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tó nírun nìkan ló ń kọ sí wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ wá ń bọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó kọjú sí ògiri.

"Ó yá, ẹ lè wọlé," Bàbá Gílóòbù wí níkẹyìn, bí ẹni pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lójúde lọ́jọ́ náà. Ó rí i látòkèdélẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́. Kò mọ̀ pé òun náà ni yóò kó ẹrù bàbá òun jáde lọ́jọ́ kan.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bàbá kórìíra gílóòbù ẹ́nájì, èyí oníná funfun tí kì í jẹ iná púpọ̀ yìí o. Òun gan-an ló kó o wọ àdúgbò. Ilé dé ilé ló ń lọ nígbà náà, tí yóò ní kí onílé na ọwọ́ sí gílóòbù àtijọ́ oníná pupa tó wà lókè.

"Ó gbóná àbí kò gbóná?"

"Ó gbóná, Bàbá."

"Ṣé ààrò lẹ rà ni, àbí iná?"

Yóò wá fa onílé lọ sídìí mítà, yóò fi han án bí kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń sáré. Yóò wọlé pààrọ̀ gílóòbù, wọn yóò tún padà síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà á ti máa rìn jẹ́jẹ́. Tí ẹni náà bá ní owó iná kò dun òun, bàbá kò tíì ṣe tán. "Epo ni wọ́n ń sun níbi tí wọ́n ti ń ṣe iná wá," ni yóò wí. "Bí gílóòbù yín bá ṣe jẹ iná tó, bẹ́ẹ̀ ni èéfín ibẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Ọmọ yín náà ló ń mí i símú." Bí ó ṣe yí gbogbo òpópónà lọ́kàn padà nìyẹn, ó ku ìyàwó rẹ̀.

"Iná funfun yìí ń sọ ọbẹ̀ mi di omi ìfọṣọ," ni ìyàwó wí. "Ìwọ gan-an, tí o bá jókòó sábẹ́ ẹ̀, o dà bí òkú tó ń jẹun."

Láàárọ̀, bàbá á fi gílóòbù ẹ́nájì sílé ìdáná. Nírọ̀lẹ́, ìyá á yọ ọ́, á dá tirẹ̀ padà. Ọdún gbọgbọrọ ni wọ́n fi ja ìjà náà, kò sí èyí tó bínú. Nígbà tí ìyá kú, àwọn èèyàn rò pé bàbá á wá fi èyí tó wù ú síbẹ̀. Kò fi í. Alaalẹ́ ló ń tan iná pupa yẹn, tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Aránṣọ bi í léèrè nígbà kan.

"Ó ń jẹ iná," bàbá ní. "Mo mọ̀. Jẹ́ kó jẹ."

Bàbá ní ìgbéraga kan: ó máa ń ka gbogbo ohun tó wà lára páálí ọjà. Àwòrán garawa ìdọ̀tí kan sì wà lára páálí gílóòbù ẹ́nájì, wọ́n fa ìlà dábùú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá fi ń túmọ̀ rẹ̀ fún oníbàárà: "Wọ́n ní ẹ má tan án sínú garawa ìdọ̀tí o."

"Bàbá, ta ló ń tan iná sínú garawa?"

"Ẹ má bi mí. Wọ́n ti rí i níbì kan ni wọ́n fi kọ ọ́."

Obìnrin olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ló wá ra gílóòbù lọ́jọ́ kan, tó gbọ́ ìtumọ̀ yìí. Kò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó rọra ṣàlàyé. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé tó bá ti kú, kí ẹ má jù ú sí ìdọ̀tí. Mẹ́kúrì wà nínú ẹ̀, májèlé ni. Tó bá fọ́, á fẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Tí òjò bá gbá a dénú odò, ẹja á jẹ ẹ́, àwa náà á jẹ ẹja."

"Ó tó báwo?"

"Kò tó orí abẹ́rẹ́, Bàbá. Ẹ má torí ẹ̀ padà sí ti àtijọ́ o. Ire ẹ̀ ṣì ju ibi ẹ̀ lọ, bí a bá ti lè bójú tó òkú ẹ̀."

Ó tún kọ́ bàbá bí wọ́n ṣe ń kó èyí tó bá fọ́, ẹ̀kọ́ tí bàbá wá lò ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lẹ́yìn náà. Bàbá wo òpópónà láti òkè délẹ̀, gbogbo ilé tó ti wọ̀. "Orí abẹ́rẹ́ mélòó ni mo wá ti tà báyìí?" ó ní.

Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú tì í, ó sì dùn ún dọ́kàn, nítorí òun ló fọwọ́ sọ̀yà fún wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Tibi tire la dálé ayé. Mo ti ta ire. Ó ku kí n lọ kó ibi."

Láti ọjọ́ náà ni òfin ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù: ẹni tí kò bá gbé òkú wá, kò ní gbé ààyè lọ. Tọkọtaya tuntun kan kó dé àdúgbò, wọ́n wá ra gílóòbù.

"Òkú yín dà?"

"Bàbá, ilé tuntun ni. A ò tíì tan iná níbẹ̀ rí."

"Ẹ lọ tọrọ òkú lọ́wọ́ aládùúgbò."

Bó ṣe di pé àwọn ará àdúgbò ń yá ara wọn ní òkú gílóòbù bí ẹni ń yá iyọ̀ nìyẹn. Àwọn kan ń fi tiwọn pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n wá mú oríṣi tuntun jáde, tí wọ́n ní kò ní mẹ́kúrì rárá, bàbá kò jó, kò yọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n ka páálí ẹ̀ ná," ó ní.

Ibi tí gbogbo òkú wọ̀nyí ń lọ ló wá di ìṣòro aránṣọ. Yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá ti ṣèlérí fún un, kí ó lè kúrò lójúde níbi tí òjò ti ń lé òun àti ẹ̀rọ rẹ̀ kiri. Páálí òkú gílóòbù kún un dé àjà.

"Bàbá, yàrá mi ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Òkú gílóòbù ló wà níbẹ̀."

"Wọn kì í pariwo. Ẹ lè jọ máa gbé."

Inú bí i gidi lọ́jọ́ náà. Bàbá náà kò fẹ́ kí páálí wọ̀nyí máa gbé ibẹ̀. Ó ti wádìí títí ó fi gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan wà ní ìlú tó jìnnà, tí wọ́n ń gba òkú gílóòbù, tí wọ́n ń yọ májèlé inú rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló kù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n aránṣọ, ló sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá," ni ìyẹn máa ń wí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà kò dé títí bàbá fi sùn tí kò jí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n gbé ọkọ̀ wá. "Kòtò ìdọ̀tí ẹ̀yìn ìlú ni màá dà á sí," ó ní. "Kó tó di ìrọ̀lẹ́, o ti gbé ẹ̀rọ rẹ wọlé."

Aránṣọ fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó wo ẹ̀rọ rẹ̀ tí òjò ti mú dípẹtà, ó sì gbà. Onígbàjámọ̀ wá bá wọn kẹ́rù. Páálí ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ṣe já lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Gílóòbù kan bọ́, ó fọ́ yángá.

Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Onígbàjámọ̀ ṣí fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n rọra gbé páálí sílẹ̀, ó sì jáde. Aránṣọ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó tẹ̀ lé wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sínú oòrùn, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ń kọjá lọ. Ó rí bí wọ́n ṣe dúró. Ó wá dúró tì wọ́n, ó sì ṣí fìlà rẹ̀. Wọ́n wo orí rẹ̀, wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín bú lẹ́nu gbogbo wọn, òun náà ló sì rín in pẹ́ jù.

Ẹ̀rín náà tán. Atẹ́gùn ti wọlé tó, ó ti jáde tó. Síbẹ̀ wọ́n ṣì dúró, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó yé wọn pé ohùn bàbá ni wọ́n ń dúró dè.

"Níbo ni wọ́n ní ilé-iṣẹ́ yẹn wà?" ẹ̀gbọ́n béèrè. Kò wo ojú ẹnì kankan.

"Ó jìnnà o, Ẹ̀gbọ́n," aránṣọ wí.

"Jẹ́ kó jìnnà. Ọ̀la ni màá lọ."

Aránṣọ nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ. Ó mú páálí líle kan àti tépù dání, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì yíjú padà sí wọn.

"Ó yá," ó ní. "Ẹ lè wọlé. Ẹ má gbálẹ̀ o."