Èésan Tí Mo Sun ní Ifọ̀

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ló gbé màmá mi dákú nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní Mowe. Òjò ń rọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Ọlọ́run ló yọ wá: oníbàárà kan kanlẹ̀kùn títí, kò gbọ́ ohùn, ló bá figbe ta. Kí màmá mi tó lajú ní ọsibítù, mo ti mọ ohun tí mo máa fi ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì mi ní yunifásítì ṣe.

Haidirójìn ni mo dojú kọ. Gáàsì ni, bí a bá fi í pèsè iná, omi ló ń yọ jáde dípò èéfín. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó fúyẹ́ jù, ó ṣòroó tọ́jú pamọ́. Àmọ́ èédú tí a bá ṣe dáadáa máa ń kún fún ihò tíntìntín tí ojú ò lè rí, gáàsì náà á sì lẹ̀ mọ́ inú wọn. Èésan, ìyẹn èèpo líle ara èkùrọ́, ni mo yàn láti fi ṣe tèmi.

Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ti kọ́kọ́ sun ún, nínú àgbá tí wẹ́dà kan ní Ibafo bá mi ṣe. Afẹ́fẹ́ ráyè wọlé, gbogbo rẹ̀ di eérú, èéfín sì ba aṣọ tí àwọn ará ilé sá jẹ́. Màmá mi jáde sí mi.

"Èéfín ló fẹ́ẹ́ pa mí, èéfín náà lo tún gbé wálé?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mo fẹ́ ká lè tan iná láìsí èéfín ni."

Ó ní, "Ó dáa. Àmọ́ kì í ṣe níbí. Gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ifọ̀. Ibi tó ti ń ṣe àdín jìnnà sílé èèyàn."

Bí mo ṣe di èrò Ifọ̀ nìyẹn. Mo fi amọ̀ dí etí àgbá. Ó tún bàjẹ́, mo tún un ṣe, títí èédú kan fi jáde tó dúdú, tó le. Mo lọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ kẹ́míkà tó ń gbẹ́ ihò, mo kó o sínú iná ìléru yunifásítì. Wọ́n mú iná lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a dán an wò, olùkọ́ mi mi orí. "Èédú rẹ gba gáàsì o, nínú òtútù líle. Bó ṣe kan ooru yàrá báyìí, ó tú u sílẹ̀. Ṣé ká fi mọ síbẹ̀?"

Ó dùn mí dé eegun. Mo ní, "Rárá, sà. Àfàìmọ̀ kí ihò rẹ̀ má fẹ̀ jù. Màá dín kẹ́míkà náà kù."

Màmá mi pè mí. "Ṣé ó ti ń tan iná?"

"Kò tíì, mà. Àmọ́ ó ti ń di gáàsì mú díẹ̀."

"Ìgbà wo lo tún ń lọ?"

Ní àárọ̀ Sátidé, mo ti wà lórí ọ̀kadà ní ọ̀nà Ifọ̀, àpò òfìfo tí màá fi kó èédú tuntun bọ̀ lórí itan mi.