Ìlú Bàbá Mi Tó Wà Láàárín Òkè Méjì

Onígbòǹgbò ni wọ́n bí mi sí. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, òórùn ṣúgà ló ń ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú wọn ní Èkìtì kì í kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní, "Ìlú tiwa, àárín òkè méjì ló wà. Bí ẹnì kan bá sín nísàlẹ̀, ẹni tó wà lókè á kí i."

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sílé. Wọn ò débẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá wọn.

Bí a ṣe já sáàárín òkè méjèèjì, wọ́n na ọrùn wo ìta. Ilé alájà ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ọmọ iléèwé gíga ń gun ọ̀kadà kọjá. Nígbà tí ìsàlẹ̀ ti kún, àwọn èèyàn ti ń kọ́lé gun òkè, páànù tuntun ń dán láàárín àpáta.

"Yà sọ́tùn-ún."

Mo yà. Kì í ṣe ibẹ̀. A padà, a tún yà. Mo ní kí n bèèrè, wọ́n ranjú mọ́ mi.

"Ṣé èmi ni wọ́n á júwe ilé bàbá mi fún?"

Mo ṣáà dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, mo bi ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Èmi náà ò tíì pẹ́ níbí. Agége ni mo ti wá."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Agége! O ti Agége wá bá wa gbé?"

Ẹ̀rín yẹn ló gbé ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà jáde. Ó wojú bàbá mi, ìgbálẹ̀ jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi!"

Àbúrò wọn ni. Iwájú ilé bàbá wọn gan-an ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí, ṣọ́ọ̀bù náà ló bo ilé mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń fi Èkìtì sọ̀rọ̀, ìdajì rẹ̀ ni mo gbọ́.

Nígbà tó yá tí mo ní ká máa lọ, bàbá mi ní kí n máa lọ ní tèmi, àwọn ò tíì mọ ìlú náà tán.

Ní báyìí, wọ́n máa ń pè mí níbi iṣẹ́ mi ní Àgídìngbì láti ròyìn ohun tí wọ́n ń kọ́ nípa ìlú náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ẹnì kan ti fọ́ àpáta kan láti fi kọ́lé. Ó dùn wọ́n. "Orí ẹ̀ la máa ń sá aṣọ sí nígbà tá a wà lọ́mọdé," ni wọ́n wí. Wọ́n wá bi mí pé ìgbà wo ni mo máa kó àwọn ọmọ mi wá.