Kànga Méje Lẹ́yìn Aago

Ọkùnrin náà gbé aago ọwọ́ náà sórí tábìlì mi, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó sì fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀. "Bàbá, ibí yìí ni kí ẹ bá mi dán. Kí wúruwùru yìí kúrò níbẹ̀."

Oníṣòwò láti Èkó ni. Aago àtijọ́ ló ń rà, tó ń tà fún àwọn tó ń kó wọn jọ lókè òkun. Ẹni tó ni aago jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Hàjíà Mọ́ríámù, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Adéwọlé. Òrùlé ilé rẹ̀ ń jò, ó sì ti gbà láti ta aago bàbá bàbá rẹ̀ kó lè fi ra páànù tuntun.

Mo yí aago náà sọ́tùn-ún sósì. Lókè ẹ̀yìn rẹ̀, orúkọ òyìnbó kan wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló fín in, ó gún régé. Lábẹ́ rẹ̀ ni ohun tí ọkùnrin yìí ń pè ní wúruwùru: lẹ́tà Lárúbáwá tí ẹnì kan fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kọ.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí inú fi bí mi. Jọ́gíráfì ni mo kà ní yunifásítì nígbà èwe mi. Títí dòní, mo ṣì máa ń rántí òórùn yàrá tí wọ́n ń kó máàpù sí. Nígbà tí mo jáde, tí mo lọ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe aago lọ́dọ̀ Alfa Sálíù létí Ìpàta, bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi ọdún kan. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní gíráàdúéètì onísíkúrù. Èmi mọ̀ pé aago wà lára ohun tí wọ́n fi ya máàpù ayé. Ẹni tó wà láàárín aṣálẹ̀, oòrùn àti aago ló fi ń mọ ibi tó dé. Bí aago rẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ṣìnà, ibi tó máa fi kànga sí lórí máàpù lè jìnnà sí ibi tó wà gan-an bí Ìlọrin ṣe jìnnà sí Ọ̀yọ́.

Àṣìṣe kan tún wà tí mi ò gbàgbé. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo dán inú ìdérí ẹ̀yìn aago oníbàárà kan títí ó fi ń kọ mànà bíi dígí. Alfa gbà á lọ́wọ́ mi.

"Àwọn àmì inú rẹ̀ dà?"

"Àmì wo, Alfa? Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

"Ìwọ tó kàwé tó báyìí. Ìwé kékeré kan ni mo fi lé ọ lọ́wọ́, o sì jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́."

Àṣà wa ni pé bí a bá tú aago, a ó fi abẹ́rẹ́ kọ àmì wa sínú ìdérí rẹ̀, kí ẹni tó máa tú u lẹ́yìn wa lè mọ ọwọ́ tó ti kàn án. Alfa ní kí n lọ bá oníbàárà náà ní Òkè-Òyì, kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe. Mo lọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹ iṣu tí wọ́n gbé fún mi.

Mo há awò kékeré mi sójú, mo ṣí aago Hàjíà. Àmì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ìkẹta jẹ́ ìràwọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju ìyókù lọ. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Alfa Sálíù ti tú aago yìí kí èmi tó mọ̀ ọ́n.

Mo pa á dé. "Mi ò ní pa nǹkan kan rẹ́ lára rẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ má bínú. Òyìnbó tó la aṣálẹ̀ kọjá ni àwọn tó ń rà á fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹni tó fa ràkúnmí fún un kò sí nínú ọ̀rọ̀."

"Nínú àwọn méjèèjì, ta ló mọ ọ̀nà?"

"Ọjà ni mò ń sọ, ìtàn lẹ̀ ń sọ."

"Ẹni tó mọ ọ̀nà ni mo bi ọ́."

Hàjíà dá sí i. "Bàbá Alágo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn ṣe é. Òjò ti dé tán. Orúkọ lásán ni, àwa ẹbí ṣáà mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, Hàjíà, mi ò ní kí ẹ má tà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kà á ná."

Mo fún un ní awò mi. Ilé kéú ni wọ́n ti tọ́ ọ, kò pẹ́ tó fi kà á: "Búráímọ̀, ọmọ Ìlọrin." Ó tún sún mọ́ ọn. "Àwọn ilà wínníwínní tó tẹ̀lé e yìí ńkọ́?"

"Mélòó ni?"

Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà wọ́n. "Méje."

Ó yọ awò náà lójú. Bàbá bàbá rẹ̀ ti bá àwọn oníràkúnmí ta obì títí dé etí aṣálẹ̀ lókè ọ̀hún, kí òyìnbó náà tó gbà á ṣe amọ̀nà. Ó máa ń sọ pé kànga méje ni òun fi hàn án, àti pé nígbà tí wọ́n jáde nínú iyanrìn, òyìnbó náà bọ́ aago náà lọ́rùn ọwọ́, ó fi ta òun lọ́rẹ.

"A máa ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ ni," Hàjíà wí. "Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, a ó ní, 'Bàbá, ẹ̀kẹjọ ńkọ́?'"

Ọkùnrin náà ń wo fóònù rẹ̀. "Hàjíà, Èkó ò jìnnà. Ẹni tó máa dán an pọ̀ níbẹ̀."

"Wọ́n pọ̀ lóòótọ́." Hàjíà na ọwọ́ sí mi. "Ẹ fún mi ní aago mi."

"Òrùlé yín ńkọ́?" ọkùnrin náà bi í.

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń jò. Mo ní abọ́ tí mò ń gbé sábẹ́ rẹ̀."

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, Hàjíà tún dá aago náà padà sórí tábìlì. Ó ní kí n fọ inú rẹ̀, torí òun fẹ́ máa fi sọ́wọ́. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, mo kán òróró sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Àwọn ọmọ mi ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Wọ́n ní fóònù ti rọ́pò aago, ojú mi ti ń ṣú, ọwọ́ mi sì ti ń gbọ̀n. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ojú àti ọwọ́. Kí n tó pa ìdérí náà dé, mo mú abẹ́rẹ́, mo kọ àmì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ Alfa. Ó wọ́ díẹ̀. Mi ò dán an.