Bàbá Tútù àti Ọtí Elewúrẹ́

Ọjọ́ tí ọtí yìnbọn nínú yàrá Bàbá Tútù, onílé gan-an ló jókòó sí pálọ̀, tó ń wádìí òórùn kan tó ti gba gbogbo ilé.

"Bàbá Tútù, wọ́n ní ẹ ń se nǹkan."

"Kí n máa se kí ni? Iná tí a fi ń se oúnjẹ gan-an, ńṣe là ń ṣọ́ ọ lò."

"Òórùn yìí wá ńkọ́?"

"Àdúgbò ni, sà. Àwọn èèyàn ò fọ ìbọ̀sẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí nǹkan fi dún nínú yàrá: GBÀÙ!

Onílé dìde fùú. "Kí nìyẹn?"

"Ìyàwó mi ni. Ó ń to abọ́."

Ìyàwó rẹ̀ sì rèé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ onílé, ó mú ife omi lọ́wọ́, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo ológbò tó gun orí tábìlì.

GBÀÙ! GBÀÙ! Ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ lábẹ́ ibùsùn bí àgbàdo tó gbóná nínú ìkòkò. Onílé yìí, èèyàn ńlá ni, ikùn rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, ó ti wà lábẹ́ tábìlì. Bó ṣe débẹ̀, títí dòní kò yé ẹnì kankan, torí nígbà tí ìbọn dákẹ́, ńṣe ni wọ́n ṣí tábìlì kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni ṣí fìlà.

Ẹlòmíràn ì bá sá jáde. Bàbá Tútù ṣílẹ̀kùn yàrá, ó wọlé tọ ìbọn lọ. Ọtí ń ṣàn lára ògiri, ó ń kán tó tó tó láti òkè àjà. Ó fi ìka nu ògiri, ó lá a, ó dijú. Gbogbo ilé ń retí ohun tó máa sọ.

"Ó kù díẹ̀," ló wí. "Kò tíì korò tó."

Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ là á mọ́lẹ̀. "Báwo ló ṣe máa korò? Àánú yín ló ṣe mí. Mo rí i bí ẹ ṣe ń fajú ro tí ẹ bá ń tọ́ ọ wò, ni mo bá fi ṣúgà sí ìgò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dé e."

"Ìwọ náà? Èmi náà ti fi tèmi sí i!"

Ẹni tó bá ń pọntí sínú ìgò gbọ́dọ̀ fi ṣúgà díẹ̀ sí i lóòótọ́. Òun ni ìwúkàrà inú ọtí máa jẹ, tí ọtí á fi máa hó. Ṣùgbọ́n ti ẹnì kan ló tó. Ìfẹ́ ọkọ àti ìyàwó ni ìgò ò lè gbé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ògiri yẹn. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà léraléra, àmì ọtí ò kúrò.

Iṣẹ́ fíríìjì ni Bàbá Tútù ń ṣe. Kò sí fíríìjì kan ládùúgbò tí kò ti fetí lé ikùn rẹ̀ rí bíi dókítà. Tó bá tún un ṣe tán, kò ní gbowó àfi kó dán an wò, ìgò ọtí Elewúrẹ́ kan ló sì fi ń dán an wò, oníbàárà ni yóò rà á. Á gbé e sínú fíríìjì, á jókòó tì í, tó bá ti tutù, á mu ún. Á wá mi orí. "Òtútù yìí ò tíì wọnú. Ẹ tún ra ọ̀kan wá." Fíríìjì olùkọ́ kan wà tó jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo ló já nínú rẹ̀; odindi kíréètì ló mu kó tó gbádùn.

Ewúrẹ́ tí wọ́n yà sára ìgò ọtí náà ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Elewúrẹ́. Ó korò bí jogbo, ó sì ń ta sánsán nímú bí èèpo ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Àwọn ọmọ ìwòyí ò fẹ́ ẹ, dídùn ni wọ́n ń wá. Bàbá Tútù àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Télọ̀ ló kù tó ń mu ún nílé ọtí tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò. Ìyá Olọ́tí kì í tiẹ̀ bi wọ́n léèrè mọ́. Tó bá ti gbúròó bàtà wọn, á kígbe sínú ilé pé, "Ewúrẹ́ méjì!" Àlejò kan gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n bá òun dín tòun.

Ìjà ni àwọn méjèèjì fi ń ṣọ̀rẹ́. Tí ọ̀kan bá ní òjò máa rọ̀, èkejì á ní ọ̀dá ló dé. Ìyàwó Télọ̀ ti kú, ojú rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílùú mìíràn ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó ń kọ̀ ṣá ni.

Ìyá Olọ́tí ló gbé ìròyìn náà wá. Ó dúró tì wọ́n, ó ń nu ọwọ́ tó ti gbẹ.

"Ẹ̀yin bàbá, iléeṣẹ́ ní àwọn ò ṣe Elewúrẹ́ mọ́ o. Wọ́n ní àwọn tó ń mu ún ò pọ̀."

"Àwọn wo ni ò pọ̀?" ni Bàbá Tútù bi í.

"Ẹ̀yin méjèèjì."

Télọ̀ da èyí tó kù nínú ife rẹ̀ sẹ́nu. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí èyí tó wà nílẹ̀ bá ti tán, màá kó lọ bá ọmọ mi."

"Nítorí ọtí?"

"Àbí ìwọ rò pé nítorí ojú ẹ ni mo ṣe wà níbí?"

Bàbá Tútù rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ gbá tábìlì. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, kò lè jẹun. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé.

"Télọ̀ fẹ́ kó lọ."

"Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dúró, ṣebí ọ̀rẹ́ yín ni."

"Kí n bẹ Télọ̀? Ó sàn kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọntí."

Iléeṣẹ́ ọtí náà ló kọ́kọ́ gbà lọ. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bi í pé ta ló fẹ́ rí.

"Ẹni tó ń pọn Elewúrẹ́."

"Bàbá, ẹ̀rọ ló ń pọn ọ́n."

"Ẹ pè é wá. Èmi àti ẹ̀rọ, a máa ń gbọ́ ara wa."

Wọn ò jẹ́ kó wọlé, òun náà ò sì lọ. Ó jókòó ti ẹ̀ṣọ́ títí tó fi ṣàkíyèsí pé fíríìjì kékeré tó wà níbẹ̀ ń mí gúlegúle. Ó tún un ṣe. Inú ẹ̀ṣọ́ dùn, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú lọ́hùn-ún jáde, ìyẹn sì ṣàlàyé: omi ni, ọkà báálì tí wọ́n mú hù tí wọ́n sì yan, ìwúkàrà, àti òdòdó kan tó ń jẹ́ họ́ọ̀pù. Họ́ọ̀pù yìí ló ni kíkorò. Èyí tó bá pẹ́ lórí iná á korò, èyí tí wọ́n bá sọ sí i nígbẹ̀yìn á ta sánsán.

"Ó parí?"

"Ó parí, bàbá."

"Nǹkan mẹ́rin péré, lẹ wá mọ odi tó tóyẹn yí i ká!"

Ó rí ọkà àti họ́ọ̀pù rà ní ìsọ̀ kan láàárín ìgboro. Ó gbé ìkòkò tó tóbi jù nínú ilé kaná, èyí tí ìyàwó rẹ̀ kì í gbé jáde àfi tí àlejò bá pọ̀. Òórùn họ́ọ̀pù wọ aṣọ, ó wọ irun. Ìyàwó rẹ̀ lọ ra ọṣẹ, ẹni tó ń ta ọṣẹ fà sẹ́yìn, ó bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹṣin.

Nígbà tí èyí àkọ́kọ́ jinná, Bàbá Tútù pe àwọn ará ilé jọ. Ife kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé yí ká. Ẹni tó bá mu ún á fún ojú pọ̀, á sì tètè gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bàbá Tútù ń ké láti ìdí ìkòkò, "Ta ló kàn? Ẹ̀yin èèyàn, ta ló kàn báyìí?"

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn lójú fèrèsé. "Kò kan ẹnikẹ́ni mọ́. Ọtí yín nìkan ló kan."

"Kò kan! Ó korò ni!"

"Bàbá ọmọ mi, mo mọ ohun tó korò. Ilé ọkọ ni mo wà."

Ó kan lóòótọ́, torí korobá tí Bàbá Tútù fi ń fọ páìpù ló dà á sí, kò sì fọ̀ ọ́ dáadáa. Télọ̀ ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ó tọ́ ọ wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní òun jẹ́rìí sí i pé ẹranko wà nínú rẹ̀, àmọ́ òbúkọ ni.

Ìpọn kejì ni èyí tó yìnbọn fún onílé. Lẹ́yìn ìyẹn, onílé ní tí òun bá tún gbọ́ gbàù kan, kí wọ́n máa wá ilé mìíràn. Ni Bàbá Tútù bá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, ó wá fíríìjì òkú kan tí olówó rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀, ó jí i dìde, ó gbé ọtí pamọ́ sínú rẹ̀. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tó ń ṣí i tó ń pa á dé kó tó rí òtútù tí ìwúkàrà fẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn mìíràn wà nílẹ̀. Ẹni tó ń sín nǹkan jẹ gbọ́dọ̀ máa tọ́ ojúlówó wò, kó má baà gbàgbé adùn rẹ̀. Bí Bàbá Tútù bá ti tọ́ tirẹ̀ wò nísọ̀, á sáré lọ sọ́dọ̀ Ìyá Olọ́tí lọ fi wé Elewúrẹ́. Elewúrẹ́ wá ń tán lọ.

"Ìwọ lo ń lé mi kúrò nílùú," ni Télọ̀ wí. "O ń mu èyí tó kù tán."

"Ìwádìí ni mò ń ṣe!"

"Ìwádìí tó ń gùnfẹ̀?"

Nígbà tó ku ìgò kan ṣoṣo, Ìyá Olọ́tí gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án àfi lọ́jọ́ ìdájọ́. Ọjọ́ náà pé. Télọ̀ ti di ẹrù, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti wà nínú àpótí. Àdéhùn ni pé Ìyá Olọ́tí yóò da ìgò ìkẹyìn sínú ife kan nínú yàrá, yóò da ti Bàbá Tútù sínú èkejì, òun nìkan ló máa mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Tí Télọ̀ bá dá Elewúrẹ́ mọ̀, ó lọ. Tí kò bá dá a mọ̀, ó dúró.

"Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ tọ́ ọ," ni Télọ̀ wí fún Bàbá Tútù. "Àlejò ò gbọ́dọ̀ ṣáájú onílé."

Bàbá Tútù mu nínú ife àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Mo ti bà á jẹ́," ló wí. "Ó ń rùn bíi páálí tí òjò pa. Họ́ọ̀pù ti kú sínú ẹ̀." Ó gbé ife kejì sẹ́nu, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. "Elewúrẹ́ rèé. Ẹ ẹ̀ rí i? Ẹ̀rọ ló ṣe èyí. Mi ò lè ṣe irú ẹ̀ láéláé."

Télọ̀ tọ́ ti àkọ́kọ́ wò, ó tọ́ èkejì. Ó na ìka sí èkejì. "Òótọ́ lo sọ. Elewúrẹ́ nìyí." Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Ó dàbọ̀ nìyẹn."

Ìyá Olọ́tí ti di ara ògiri mú, ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jókòó! Inú fíríìjì òkú ni ife kejì yẹn ti wá. Ti iléeṣẹ́ ni ẹ ń bú!"

Oòrùn ojú fèrèsé ti ba ìgò ìkẹyìn jẹ́ lórí pẹpẹ. Dípò kí Bàbá Tútù yọ̀, ńṣe ló bínú. "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé ọtí sóòrùn? Ṣé aṣọ ni?"

Télọ̀ ti padà jókòó. Ó fa ife kejì mọ́ra. "Ẹni tó bú ọtí ọlọ́tí pé tòun ni, tó sì yin tiẹ̀ pé ti ọlọ́tí ni," ló wí, "kò yẹ kí wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀."

Bó ṣe dúró nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi mu ọtí inú fíríìjì òkú. Nígbà mìíràn ó máa korò jù, nígbà mìíràn ó máa ṣú bí omi ìfọṣọ. Ojúlówó ò sí mọ́ tí wọ́n lè fi wé e, nítorí náà ohun tí Bàbá Tútù bá gbé wá ni ojúlówó. Bí Télọ̀ bá ní, "Ti ọ̀sẹ̀ yìí yàtọ̀ o," èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀: "Ahọ́n ẹ ló ń darúgbó."

Nígbà tí ara Bàbá Tútù ò yá, dókítà ní kó má fẹnu kan ọtí mọ́. "Dókítà, mi ò mu ọtí," ló fi dá a lóhùn. "Fíríìjì ni mò ń dán wò." Ó kú ní wọ́ọ́rọ́wọ́, ní àárọ̀ kan tí ìyàwó rẹ̀ ń bu omi gbígbóná fún un.

Ọmọ Télọ̀ wá síbi ìsìnkú, ó tún bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ káwọn jọ máa lọ. Télọ̀ ní ọtí tí Tútù fi sílẹ̀ ò tíì tán. Ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń lo oògùn. Nígbà tó wá tán pátápátá, kò lọ náà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iléeṣẹ́ náà gbé Elewúrẹ́ padà dé. Wọ́n ní kíkorò ni àwọn èèyàn ń béèrè báyìí. Ìyá Olọ́tí ra kíréètì kan, ó ránṣẹ́ pe Télọ̀, ó sì da ìgò àkọ́kọ́ sínú ife fún un fúnra rẹ̀. Télọ̀ tọ́ ọ wò. Ó tún un tọ́ wò, ó gbé ife kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Ayédèrú ni."

"Bàbá, iléeṣẹ́ ló ti wá. Ẹ wo òǹtẹ̀ lórí ìdérí."

"Mo ti rí òǹtẹ̀. Ẹ má bá wọn wí o, wọ́n gbìyànjú." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n pọn ni ò sí mọ́."

Ìyá Olọ́tí ò bá a jiyàn. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ó jókòó tì í títí tó fi mu ún tán, kó má baà dá a mu.